Omi Tí Wolé-wolé Mu

“Ìyùnadé, ọmọ Ògúnṣọlá,” ni ilé wí láàárọ̀ ọjọ́ náà, “àyẹ̀wò ti kàn ọ́. Yan wolé-wolé rẹ kí oòrùn tó wọ̀.”

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ìyùnadé. Ó gbójú sókè wo àtùpà orí àtẹ́rígbà. Àtùpà tó ti ń tàn funfun láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án síbẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè. Kò sí ọmọdé tàbí àgbà ní ìlú Orí-Àpáta tí kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Bó bá padà di funfun, ilé dúró. Bó bá kú, ó di kí Ajẹlé dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ràgàjì tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé, tí í jẹ ilé dé ìpìlẹ̀, tí kì í bèèrè ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ nínú pálọ̀ ilé yìí ni Ògúnṣọlá fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí nígbà tí òfin ṣì gbà kí èèyàn sùn sínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ.

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?” Màmá ké láti inú yàrá. “Ẹ ní kó wọlé kó jókòó! Ìyùnadé, àlejò wà níta o!”

“Ilé ni, Màmá.”

“Ilé wo?”

“Ilé wa.”

“Ilé wa ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà sì ń dá a lóhùn,” ni Màmá wí. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa bá a lọ.”

Màmá Wúràọlá ti dàgbà kọjá ibi tí à ń bi èèyàn léèrè ọjọ́ orí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pé perepere. Ó máa ń gbàgbé ohun tí wọ́n sọ fún un lánàá, kò sì gbàgbé ohun kan tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ rí. Bí Ajẹlé bá jẹ ilé yìí, Ìgbìmọ̀ Ilé yóò fún Ìyùnadé ní yàrá kan ní Àgbékà, àwọn ilé gíga tí wọ́n ń tò lé ara wọn lórí bí àwo fún àwọn ará etí òkun tí omi lé wá. Wọn kì í kó arúgbó lọ sókè. Ìsàlẹ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń tọ́jú wọn, ọmọ á sì máa wá wo ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ohun tí Ìyùnadé fẹ́ pàdánù nìyẹn tí kò bá ṣọ́ra: bàbá rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ìyá rẹ̀ lórí ilẹ̀.

Ó lọ síwájú dígí ara ògiri. Àwòrán mẹ́ta ló ti tò síbẹ̀. Òfin gbà kí onílé yan ẹyọ kan, ẹ̀ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni Àdìrán, ọmọ àbúrò Màmá, tó ń rẹ́rìn-ín kẹ̀ẹ̀kẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ta nǹkan. Ìkejì ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Fámúrewá, tí kò rẹ́rìn-ín rárá. Ìkẹta kì í ṣe ojú èèyàn. Alákàn ni, ẹ̀rọ Ìgbìmọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ jáńrejàǹre tó ń gun ògiri. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ni Ìgbìmọ̀ wí nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ìkà kọ́ ni Alákàn. Wọ́n kàn fi ilé kọnkéré kọ́ ọ níṣẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tó fi amọ̀ hàn án rí. Ní gbogbo ìlú Orí-Àpáta, ilé alámọ̀ kan ò tíì yege lójú rẹ̀. Bí onílé bá sì yan èèyàn tí nǹkan bá yíwọ́, Alákàn náà ni yóò wá parí ẹ̀.

Kò pẹ́ tí Àdìrán fi dé. Dígí ti ta á lólobó. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún ṣòkòtò rẹ̀.

“Àǹtí mi, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ tẹ ojú mi nínú dígí yẹn. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, àtùpà yín á ti funfun.”

“Ṣé o ò ní wo ògiri ni?”

“Kí ni n ó máa wò lára ògiri? Ibí ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ! Oúnjẹ náà, ẹ má ṣèyọnu, mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé.”

Ìyùnadé wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Òǹtẹ̀ wolé-wolé wà ní àtẹ́lẹwọ́ níbẹ̀, lábẹ́ awọ, ó ń tàn bí aró. Òǹtẹ̀ náà pé, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ṣé òǹtẹ̀ nìkan ló ń sọni di wolé-wolé? Iṣẹ́ àwọ̀n ìrì ni Ìyùnadé ń ṣe, àwọn àwọ̀n tí wọ́n na sórí àpáta láti fi gba omi ìrì fún ìlú. Ó mọ àwọn kan níbi iṣẹ́ tó jẹ́ pé aṣọ iṣẹ́ wọn mọ́ ju àwọ̀n wọn lọ.

“Àdìrán, ta lo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀?”

Àdìrán rẹ́rìn-ín. “Àǹtí! Ta ló ń kọ́ṣẹ́ lóde òní? Wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ni lọ́wọ́ ni.”

“Ilé ta lo ti kọ̀ rí, pé kò dára?”

“Kí ni mo fẹ́ kọ ilé onílé sí? Ṣé èèyàn burúkú ni mí?”

“Ilé Ìyá Ráṣídà ńkọ́?”

Ẹ̀rín kúrò lójú Àdìrán. Òun ló fọwọ́ sí ilé Ìyá Ráṣídà. Òjò kan péré ló rọ̀, ògiri ẹ̀yìn dà wó, láti ọjọ́ náà Ìyá Ráṣídà ò fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn mọ́.

“Àyànmọ́ nìyẹn, Àǹtí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Àyànmọ́ lo fọwọ́ sí.”

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ọwọ́ Ìyùnadé ti fẹ́ nà sí dígí kó tó bi í ní ìbéèrè yẹn. Ta ni kò fẹ́ kí ìyọnu òun tán kíá? Ṣùgbọ́n Yorùbá ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri yàrá tí òun àti Màmá ń sùn ti lanu. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ló fi dí i. Tó bá sì di àṣálẹ́, tí ooru bá ń rọlẹ̀, ó máa ń gbọ́ kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́, lókè orí wọn. Bó bá yan Àdìrán, àtùpà yóò funfun lóòótọ́, òun yóò sì máa dùbúlẹ̀ ti Màmá lójoojúmọ́, tí yóò máa fetí sílẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹnì kan sọ òótọ́ ilé náà fún òun, ẹni tó mọ̀ ọ́n.

“Bá mi kí màmá ẹ,” ló wí fún Àdìrán.

“Àǹtí, ẹni tí ẹ fẹ́ pè yẹn, tọmọ-tìyá ló ń lé síta o! Bọ́rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, ẹ ó rántí mi.”

“N ó rántí ẹ. Ó dàbọ̀.”

Lẹ́yìn tí Àdìrán lọ tán, ó fọwọ́ kan àwòrán ọkùnrin kejì díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe láti bá wolé-wolé sọ̀rọ̀ láìtíì yàn án. Fámúrewá yọjú nínú dígí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun lápá kan, erùpẹ̀ wà létí rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín léèrè ni. Ọ̀dọ̀ ta lẹ ti kọ́ṣẹ́?”

“Ọ̀dọ̀ Bàbá Oyètọ́rọ̀ ni Ìsàlẹ̀-Odò, kí omi tó gba ibẹ̀.”

“Ilé ta lẹ ti kọ̀ rí?”

“Ti àna mi.”

“Àna yín?”

“Bàbá ìyàwó mi. Ìpìlẹ̀ ti rà. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, bí mo bá ní kó bá mi bu iyọ̀, aládùúgbò ló ń fi rán sí mi.” Ó fọwọ́ gbá erùpẹ̀ kúrò létí. “Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ wà láàyè. Ó kí mi lánàá.”

“Ẹ mọ ilé alámọ̀?”

“Inú ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi. Ẹ gbọ́ o, bí n bá rí i pé kò dára, n ó sọ pé kò dára. Ẹ má sunkún sí mi lára. Bó bá sì dára, n ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé àtùpà yín, kò sí Alákàn tó lè yí i padà.”

Nǹkan kan rọ̀ nínú Ìyùnadé. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú ọkùnrin náà mọ́ dígí gbọnyin. Àwòrán méjì yòókù kú lójú ẹsẹ̀.

“Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan,” ni Fámúrewá wí. “Òfin Ọ̀fun Gbígbẹ. Ẹ má fún mi ní nǹkan kan o. Omi pàápàá.”

Ìyùnadé mọ òfin náà. Àwọn wolé-wolé ìgbà kan ló fà á. Wọ́n á dé ilé kan, wọ́n á jẹ iyán, wọ́n á họ egungun adìyẹ, wọ́n á wá nuwọ́ sí ara ògiri tó ti fẹ́ wó, wọ́n á ní ó dára. Ẹni tó bá jẹ dòdò, kò lè sọ òdodo. Nígbà tí ilé kan dà wó lu àwọn tó wá sọmọ lórúkọ, ará ìlú fi igbe ta, Ìgbìmọ̀ sì ṣòfin: ohunkóhun tó bá gba ọ̀fun wolé-wolé kọjá lábẹ́ òrùlé tó ń yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ilé náà ti parun. Òǹtẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ̀fun rẹ̀. Òfin tó dára ni, ẹni tó ṣe é ò kàn ní ìyá bíi Màmá Wúràọlá ni.

Ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn.

“Màmá, ọkùnrin kan ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ẹ ò gbọdọ̀ fún un lómi.”

“Kí ló ṣe wá?”

“Kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni.”

“Àlejò fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, a ò sì ní fún un lómi.” Màmá yí orí padà wò ó. “Ìyùnadé, ṣé ara ẹ yá?”

“Òfin ni, Màmá. Tó bá mu omi wa, wọ́n á gba ilé yìí.”

“Wọ́n á gba ilé nítorí omi.” Màmá rẹ́rìn-ín, eyín méjì tó kù hàn. “Ó dáa. Mo gbọ́. Mi ò ní fún un.”

Ìyùnadé ò fọkàn tán an. Ó ti ẹ̀rọ omi pa. Bó ti tì í pa báyìí, ìka ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ló lè ṣí i. Ó kó gbogbo ife inú ilé sábẹ́ ibùsùn tirẹ̀, ó kó ìgò omi sínú àpótí, ó tilẹ̀ gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Inú rẹ̀ wá balẹ̀. Ohun kan ló gbójú fò. Ní igun pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàbá rẹ̀ sùn sí, àmù Bàbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ahá lórí rẹ̀. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni Màmá ń bu omi ìrì sí i, nítorí ọkọ rẹ̀ kì í fẹ́ kí àmù òun gbẹ. Kò sẹ́ni tó ń mu ún. Ìyùnadé ti rí i títí tí ojú rẹ̀ ò fi rí i mọ́.

Oòrùn ti ń yí sí ìwọ̀-oòrùn nígbà tí Fámúrewá dé, ó gbé àpò awọ kan kọ́ èjìká. Kó tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá.

“Háà! Dìde, dìde, ọmọ mi. Ẹ̀yin èèyàn ṣì kù láyé? Ọmọ ta ni ọ́?”

“Ọmọ Fámúrewá ni, mà. Ti Ìsàlẹ̀-Odò.”

“Fámúrewá tí ìyá rẹ̀ ń hun ẹní?”

“Ìyá bàbá mi nìyẹn, mà.”

“Ẹní rẹ̀ ni mo fi ṣe ìyàwó! Ìyùnadé, kí lò ń wò? Fún un lómi!”

“Màmá!”

“Áà, mo ti gbàgbé. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fún ọ lómi, ọmọ mi. Má bínú. Bí ayé ṣe dà nìyẹn.”

“Kò burú, mà,” ni Fámúrewá wí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ìyùnadé rí i kó rẹ́rìn-ín.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi òòlù igi kékeré kan lu ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń gbé etí lé e, ó ń ti ìka bọ ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn. Ìyùnadé ń tẹ̀ lé e káàkiri bí ẹni tó gbé ọmọ lọ ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n dé yàrá, Fámúrewá wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo Ìyùnadé.

“Kí ló wà lẹ́yìn eléyìí?”

Ó fẹ́ purọ́. Kò lè purọ́. Àwọn méjèèjì jùmọ̀ sún un, ìlà náà sì wà níbẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀, ó fẹ̀ tó ìka ọmọdé. Fámúrewá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó na okùn bàbà tín-ín-rín kan kọjá lórí rẹ̀, ó gbé awò lé ojú kan, ó wò ó fínnífínní.

“Ìlà yìí ti dàgbà jù yín lọ,” ló wí níkẹyìn. “Ọdún tí wọ́n mọ ilé yìí ló là, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ wo inú ẹ̀, aláǹtakùn ti kọ́lé síbẹ̀. Ilé tó ń wó kì í dúró de aláǹtakùn.”

“Ariwo tí mò ń gbọ́ lálẹ́ ńkọ́?”

“Páànù ni. Ooru ọ̀sán á nà án, òtútù alẹ́ á sún un kì. Kò sí ẹni tí páànù pa rí nítorí pé ó ń ráhùn.”

Ìyùnadé bú sẹ́rìn-ín, omijé sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín náà. Láti ọdún yìí wá tí ẹ̀rù ti ń bà á! Páànù! Fámúrewá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà tì í lójú.

“Amọ̀ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ nìyí,” ló wí. “Ó ku igi àjà. N kò lè gbé ọwọ́ lé àtùpà láìrí i. Ẹ lọ sẹ́yìn ilé, kí ẹ fi ọ̀pá ti etí páànù yẹn sókè díẹ̀, kí n wò ó bóyá igi ń mì.”

Ó gun àkàbà wọ inú àjà. Ìyùnadé sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó rí ọ̀pá, ó ti páànù. Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń wọ́ nínú òkùnkùn, tó ń lu igi, kó, kó, kó.

“Ó tó!” Fámúrewá ké láti inú àjà. “Igi líle ni! Ikán ò tilẹ̀ rìn débí! Ilé yín dára, ìyá mi!”

Ìyùnadé ju ọ̀pá sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ikọ́. Eruku tó ti wà nínú àjà láti ayé bàbá rẹ̀ ti bọ́ sí ọ̀fun ọkùnrin náà. Ó gbọ́ tó ń wú ikọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, tó ń wú u nínú pálọ̀, ikọ́ tó ń fa ìfun. Lẹ́yìn náà, ikọ́ náà dáwọ́ dúró.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló lé Ìyùnadé wọlé. Àmọ́ ó ti pẹ́ jù.

Fámúrewá bẹ̀rẹ̀ síwájú Màmá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ahá, orí rẹ̀ sì tẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ahá náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, ó sọ̀kalẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń rọra fọwọ́ pa á.

“Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Rọra mu ún.”

“Ẹ ṣé, mà,” ni Fámúrewá wí. Ìgbà tó wí i tán ni ojú rẹ̀ là. Ó wo ahá. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ tó ń tàn bí aró kú díẹ̀díẹ̀, ó di awọ lásán.

“Wolé-wolé ti mu omi,” ni ilé wí. “Àyẹ̀wò ti bàjẹ́. Alákàn ń bọ̀.”

Fámúrewá fò dìde, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àtùpà. Àtùpà ò yí padà. Ó tún gbé e lé e. Ó nu ọwọ́ náà mọ́ ẹ̀wù, ó tún gbé e lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu àtùpà náà fọ́.

“Ó ti wò ó tán!” Ìyùnadé ń pariwo sí ògiri. “Ó ti wí i kó tó mu omi! Ó ní ó dára, ṣé o ò gbọ́ ni? Ìwọ ilé yìí, ṣé o ò ní etí? Ó ku kó gbọ́wọ́ lé e!”

“Wolé-wolé ti mu omi,” ni ilé wí.

“Mo bẹ̀ ọ́.”

“Wolé-wolé ti mu omi.”

Ta lèèyàn ń bẹ̀ nínú ògiri? Ìyùnadé fẹ́yìn ti àtẹ́rígbà, ó yọ̀ sílẹ̀, ó jókòó. Ó rántí Àdìrán, gẹ́gẹ́ bí Àdìrán ṣe sọ. Fámúrewá dúró sójú kan, ó na ọwọ́ ọ̀tún jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan jó lọ́wọ́.

“Ọwọ́ àgbà ni,” ló wí. “Ìyá mi, ẹ forí jì mí. Àti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ ló ti gbé omi fún mi, mo sì ń kọ̀ ọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ní gbà, ọmọ mi. N ò mọ ìgbà tí mo gbà á.”

Ìyùnadé yíjú sí Màmá. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti pé lẹ́nu rẹ̀, ó sì burú. Ṣé mo sọ fún yín àbí n kò sọ fún yín? Ṣùgbọ́n Màmá ń wo ọ̀tún wo òsì, ó di ahá mú mọ́ àyà.

“Kí ló dé?” ni Màmá bèèrè. “Ṣé omi náà ò mọ́ ni?”

Fámúrewá ló padà wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

“Ó mọ́, mà. Ó tutù dáadáa. Ẹ ṣé.”

Alákàn dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn aládùúgbò sì ń ti fèrèsé wọn kó tó kọjá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gun ògiri iwájú, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gún un, ó ń dúró, ó ń gún un. Fámúrewá ń tẹ̀ lé e ní ìsàlẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá dókítà sọ̀rọ̀ nítorí ọmọ rẹ̀.

“Amọ̀ ni! Kì í ṣe kọnkéré, amọ̀ ni! Má gún un, fi òòlù lù ú, fetí sí i!”

“Ohun tí a kò mọ̀,” ni Alákàn wí. Ó tún sún síwájú. “Ohun tí a kò mọ̀.”

Nígbà tó wọ pálọ̀, Màmá gbéra, ó di ọwọ́ àga mú.

“Ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ jókòó. Ẹ ti rìn jìnnà.” Ó bu omi sínú ahá, ó nà án sí i. Omi ń dà sílẹ̀ lórí ibi tí ọkọ rẹ̀ sùn sí. “Ẹ gbà, ẹ mu.”

Ìyùnadé ò dá a dúró mọ́. Kí ló kù tí omi lè bàjẹ́? Alákàn gba ẹ̀gbẹ́ ahá kọjá, ó gun ògiri kejì, ó wí ohun kan náà tó ti ń wí, ó sì jáde. Bó ṣe jáde, àtùpà orí àtẹ́rígbà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. “Ajẹlé ń bọ̀ láàárọ̀,” ni ilé wí.

Fámúrewá kó òòlù àti okùn bàbà rẹ̀ sínú àpò. Ó pẹ́ kó tó lè dì í.

“N ó wá láàárọ̀,” ló wí fún Ìyùnadé lẹ́nu ọ̀nà. “Kò sí nǹkan kan tí mo lè ṣe. Ṣùgbọ́n n ó wá.”

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó sì lọ. Ìyùnadé wọlé wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá àga ìyá rẹ̀. Lókè, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn bí ooru ṣe ń rọlẹ̀, kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́. Òun nìyí tó ti mọ̀ níkẹyìn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Màmá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ pẹ́pẹ́. “Ògúnṣọlá, ọmọ dáadáa kan wá sílé wa lónìí. Ọmọ ọmọ ìyá ẹlẹ́ní. Èkejì tó wá lẹ́yìn rẹ̀, kò kí wa, kò mu omi wa. N ò mọ ohun tó wá ṣe.” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ó dáa tí mo fún ọmọ yẹn lómi, àbí? Bí ikọ́ yẹn bá pa á sínú ilé wa ńkọ́?”

Ìyùnadé gbé orí lé itan ìyá rẹ̀.

“Ó dáa, Màmá. Ó dáa tí ẹ fún un.”

“Mo mọ̀.” Màmá ń fọwọ́ pa á lórí. “Ṣé mo gbọ́ pé àwọn kan tún ń bọ̀ láàárọ̀?”

“Wọ́n ń bọ̀.”

“Wọ́n pọ̀?”

“Ẹyọ kan ni, Màmá. Ó tóbi.”

“Àmù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Dìde, pọn omi kún un. Òun náà á ti ọ̀nà jíjìn wá.”

Ìyùnadé dìde. Ó gbé korobá, ó lọ síbi ẹ̀rọ omi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì láàárọ̀, ó gbé ìka lé e, omi sì ń dà. Ó pọn ọ́n títí àmù bàbá rẹ̀ fi kún.